Èsì: Kí ló dé tí fíìmù inú yàrá kan ṣoṣo kò fi sú wa?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ bi wá pé kí ló dé tí fíìmù 12 Angry Men kò fi sú èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin 12 tí ilé ẹjọ́ yàn láti pinnu ẹjọ́ ìpànìyàn ló ń jiyàn nínú yàrá kan. Lójú tèmi, kámẹ́rà ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Sidney Lumet, tó darí rẹ̀ ní 1957, gbé kámẹ́rà ga ju ojú àwọn òṣèré lọ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọ̀gangan ojú wọn, nígbà tí yóò sì fi máa parí, ìsàlẹ̀ ló ti ń wò wọ́n, débi pé àjà ti ń hàn. Ó tún ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, tí ògiri fi dà bíi pé ó ń há wọn mọ́.

Ìbò 11 sí 1 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: èèyàn 11 ní ọmọ ọdún 18 tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún wo ọ̀bẹ tí wọ́n ní ọmọ yẹn fi pa èèyàn. Wọ́n ti gbà pé kò sí irú rẹ̀, àfi bí Henry Fonda, òṣèré tó ṣe ẹnì kan tó yapa nínú ìbò náà, ṣe yọ irú rẹ̀ gan-an lápò, tó gún un mọ́ tábìlì. Ara mi ṣì máa ń ta gìrì níbẹ̀!

Tí ẹ bá tún máa wò ó, ẹ fojú sí E.G. Marshall, òṣèré mìíràn nínú àwọn 12 náà. Ooru mú gbogbo wọn, òun ló ní òun kì í làágùn. Ẹ wá wo ìbéèrè tí wọ́n bi í kó tó nu iwájú orí rẹ̀.