Ìbéèrè: Ta ni àwọn Tupi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti parun?

Ẹnì kan béèrè pé: “Mo ń rí ‘Tupi’ àti ‘Tupinambá’ nínú ìtàn Brazil. Ṣé ẹ̀yà kan náà ni? Wọ́n ní wọ́n ti parun, ṣé òótọ́ ni?”

Tí ẹ bá ti jẹ kajú rí, ẹ ti pe orúkọ tí àwọn Tupi, onílẹ̀ etí òkun Brazil, sọ ọ́. Acaju ni wọ́n ń pè é. Àwọn Potogí gé e kúrú sí caju, wọ́n kó o wọ ọkọ̀, òun àti orúkọ rẹ̀ sì jọ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ wọn náà ni tapiókà, ohun tó bá sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin wọn a máa rin ẹ̀gẹ́ kíkorò, wọn á rọ ọ́ sínú tipiti, agbọ̀n híhun tó gùn bí ejò. Wọn á so ó kọ́, wọn á fa ìdí rẹ̀ wálẹ̀. Bó ṣe ń gùn ló ń fún, omi olóró á sì máa ro jáde. Iṣẹ́ tí àwọn alágàrí ń fi àpò àti òkúta ṣe nìyẹn.

Tupi kò ní ọba kan, Tupinambá sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Èdè ló so wọ́n pọ̀, bó ṣe so Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì pọ̀ kó tó di pé wọ́n ń pe gbogbo wa ní Yorùbá. Tupiniquim ni Cabral, ọ̀gá ọkọ̀ Potogí, bá ní Porto Seguro ní 1500. Tupinambá wà ní Bahia, Potiguara lókè lọ́hùn-ún lápá àríwá. Wọ́n ń bá ara wọn jà, Potogí àti Faransé sì rí ìjà ọ̀hún lò dáadáa. Àrùn ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kó lẹ́rú sóko ìrèké, kí wọ́n tó máa kó àwọn èèyàn tiwa dé.

Èdè wọn kò tètè kú. Àlùfáà Anchieta tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1595, àwọn ọmọ Potogí pàápàá sì ń sọ ọ́ nínú ilé, títí ìjọba Pombal, mínísítà àgbà ọba Potogí, fi fòfin dè é láàárín àwọn ọdún 1750. Ọmọ rẹ̀, Nheengatu, ṣì wà lẹ́nu àwọn ará etí odò Rio Negro. Ìlú São Gabriel da Cachoeira níbẹ̀ sọ ọ́ di èdè ìjọba ìbílẹ̀ ní 2002.

Wọn ò parun o. Potiguara wà ní Paraíba, Tupiniquim ní Espírito Santo. Àwọn Tupinambá Olivença, lẹ́bàá Ilhéus ní Bahia, ni wọ́n fìyà “ẹ ò sí mọ́” jẹ gan-an, kí ìjọba tó gbà pé Tupinambá ni wọ́n. Ẹ̀wù ìyẹ́ ẹyẹ pupa wọn kan ti wà ní Denmark láti ó kéré tán 1689. Ní 2024 ló padà sí Rio. Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló ká wọn lára: baba ńlá ni wọ́n ka ẹ̀wù náà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an ni Caboclo. Nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Bahia, òun ni ẹ̀mí onílẹ̀, ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí òrìṣà tó sọdá òkun. Ìyẹ́ ló ń dé sórí, èdè Potogí ló ń sọ. Àwọn ilé kan tó ń tẹ̀ lé ìlànà Nagô, ìyẹn ti Yorùbá, gan-an kì í fẹ́ gbà á láàyè ní gbangba. Síbẹ̀, bí 2 Oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira Bahia, bá pé, ère Caboclo ni gbogbo Salvador ń fà kiri ìgboro, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ejò ńlá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.