Aago Ta Ni Kíláàsì Yín Ń Tẹ̀ Lé? Ṣíṣírò Àkókò Ìbàdàn, Houston àti London Nínú Ṣíìtì

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ìbàdàn ni mo wà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní èdè Yorùbá lórí Zoom ní gbogbo Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan wà ní Houston, àwọn kan wà ní London, ìdílé kan sì wà ní Salvador ní Bràsíl. Google Sheets ni mo ń kọ àkókò kíláàsì sí: mo yọ wákàtí méje fún Houston, ọ̀kan fún London, mẹ́rin fún Salvador. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí di oṣù Kẹta, ni àwọn ará Houston bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní wákàtí kan ṣáájú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ti London náà tún bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ìyá ọmọ kan ní Houston kọ ọ́ pé 03/07/2026 ni ọmọ òun máa bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí wọn ní oṣù Keje, àṣé oṣù Kẹta ni wọ́n ń wí. Nígbà tí mo sì ro àpapọ̀ wákàtí tí mo ti fi kọ́ wọn, 3:30 ni ṣíìtì gbé jáde, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé ó ju ogún wákàtí lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Olùkọ́. Ìyókúrò yín kò ní àṣìṣe. Ohun tó dà á rú ni pé wákàtí méje tí ẹ fi lé Houston lọ́wọ́ kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Aago tiwa ní Nàìjíríà kì í yí. Wákàtí kan la fi ṣáájú UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wà lọ́jọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan ní Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Láti 2007 ni wọ́n ti ń lo ọjọ́ méjèèjì yìí. Ìlú Ọba náà ń ṣe é, àmọ́ Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni tiwọn. Ní ọdún 2026 yìí, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà ti tiwọn síwájú, ọjọ́ 29 ni Ìlú Ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ sọ nìyẹn gan-an.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́múlà kankan, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun kan: aago ta ni kíláàsì yín ń tẹ̀ lé? Tó bá jẹ́ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn ló gbọ́dọ̀ dúró, àwọn ọmọ Houston ni yóò máa yí àkókò wọn: aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nígbà òtútù, mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti aago síwájú. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn òbí ló sọ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nìkan ló rọ àwọn lọ́rùn, ẹ̀yin lẹ máa yí tiyín: aago márùn-ún nígbà kan, aago mẹ́rin nígbà mìíràn. Kò sí fọ́múlà tó lè bá yín yan èyí. Mo ti rí ṣíìtì tí ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré tó sì ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín olùkọ́ àti òbí, torí pé kò sẹ́ni tó sọ aago tí wọ́n jọ ń lò. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé kíláàsì kan náà lẹ fi pa Houston, London àti Salvador pọ̀, aago Ìbàdàn ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Òun ni kì í yí, òun ni yóò sì gbà yín lọ́wọ́ àwọn ọ̀sẹ̀ tí Houston ti yí tí London kò tíì yí. Ẹ sọ fún àwọn òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, kí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí tiwọn máa yí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú ṣíìtì. Nọ́ńbà ni ọjọ́ lójú Google Sheets àti Excel. Ẹ tẹ 14/03/2026 17:00 sínú àpótí kan, kí ẹ wá yí ìrísí àpótí náà sí nọ́ńbà: 46095.70833 ni ẹ máa rí. 46095 ni iye ọjọ́ tí ṣíìtì kà láti ìparí ọdún 1899 wá. .70833 ni apá tó ti lọ nínú ọjọ́ náà, nítorí wákàtí mẹ́tàdínlógún ló ti kọjá nínú mẹ́rìnlélógún. Ìdí tí a fi ń pín wákàtí sí 24 nínú fọ́múlà nìyẹn: wákàtí méje jẹ́ 7/24.

Látàrí èyí, ẹ má ṣe ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára aago. Inú àpótí kan náà ni kí àwọn méjèèjì wà. Ká ní àgbàlagbà kan ní Houston fẹ́ kí ẹ máa kọ́ òun lẹ́yìn iṣẹ́, ní aago méje alẹ́ Furaidé nígbà òtútù. Aago méjì òru Sátidé nìyẹn ní Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ 02:00 nìkan lẹ kọ láìsí ọjọ́, tí ẹ yọ 7/24, èsì á lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, Excel á sì kó ##### síwájú yín. Tí ọjọ́ bá wà níbẹ̀, ṣíìtì á fúnra rẹ̀ padà sí Furaidé.

Fún iye wákàtí tó ń yí, ẹ ṣe tábìlì kékeré. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun nínú ṣíìtì yín, kí ẹ pè é ní Houston. Láti ìlà kejì, ẹ kọ ìgbà tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀, ní aago Nàìjíríà, sí òpó A. Iye wákàtí tí Houston fi wà lẹ́yìn wa ni kó wà ní òpó B:

01/01/2026 00:00 | 7
08/03/2026 09:00 | 6
01/11/2026 08:00 | 7

Aago méjì òru tiwọn ni wọ́n ń yí i, tó jẹ́ aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹta, aago mẹ́jọ ní oṣù Kọkànlá. Ẹ ṣe ojú ewé kejì fún London:

01/01/2026 00:00 | 1
29/03/2026 02:00 | 0
25/10/2026 02:00 | 1

Tí ọjọ́ àti aago Ìbàdàn bá wà nínú B2, ẹ kọ èyí sínú C2 fún Houston:

=B2-VLOOKUP(B2,Houston!$A$2:$B$4,2,TRUE)/24

Ẹ ṣe ti London bákan náà sínú D2, kí ẹ kàn yí orúkọ ojú ewé padà. VLOOKUP ló ń wá iye wákàtí náà nínú tábìlì. TRUE yẹn ṣe pàtàkì: òun ló ń sọ fún ṣíìtì pé kó mú ìlà tó kẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá ti kíláàsì. Nítorí náà, ọjọ́ inú tábìlì gbọ́dọ̀ tò láti èyí tó pẹ́ jù dé èyí tó tuntun jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èsì á máa ṣì yín lọ́nà láìpariwo. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ fi IF wo oṣù nìkan, pé láti oṣù Kẹta kí ẹ yọ mẹ́fà. Ẹ má gbà fún wọn. Àárín oṣù ni ìyípadà máa ń bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa pàdánù Sátidé àkọ́kọ́.

Fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ ò nílò kàlẹ́ńdà. Tí ọdún bá wà nínú F1, fọ́múlà mẹ́rin yìí ló ń wá Sọ́ńdè náà jáde. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti Ìlú Ọba:

=DATE(F1,3,15)-WEEKDAY(DATE(F1,3,14))
=DATE(F1,11,8)-WEEKDAY(DATE(F1,11,7))
=DATE(F1,4,1)-WEEKDAY(DATE(F1,3,31))
=DATE(F1,11,1)-WEEKDAY(DATE(F1,10,31))

Ẹ kọ 2027 sí F1, ẹ máa rí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 7 oṣù Kọkànlá, 28 oṣù Kẹta àti 31 oṣù Kẹwàá. Ẹ fi wọ́n kún ìsàlẹ̀ tábìlì, kí ẹ sì na $B$4 inú VLOOKUP dé ìlà tuntun náà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn tábìlì ju fọ́múlà gígùn lọ ni pé ìjọba lè yí òfin padà nígbàkigbà. Bràsíl fi aago yíyí sílẹ̀ ní 2019, Salvador sì ti fi tiẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún yín báyìí: =B2-4/24, ó tán. Tí ẹ bá sì ní ọmọ ní Lomé lọ́jọ́ iwájú, ẹ má rò pé torí pé Tógò sún mọ́ wa ni aago wa fi dọ́gba. Kùtọnu bá wa dọ́gba, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni Lomé fi wà lẹ́yìn.

Ẹ fi Sátidé mẹ́rin dán ṣíìtì yín wò, gbogbo wọn ní 17:00 Ìbàdàn. Ní 07/03/2026, Houston gbọ́dọ̀ jẹ́ 10:00, London 16:00. Ní 14/03, Houston 11:00, London 16:00. Ní 04/04, Houston 11:00, London 17:00. Ní 31/10, Houston 11:00, London 16:00. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bọ́ sí i, tábìlì yín ti dúró. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, torí London á ti dá aago tiwọn padà nígbà tí ti Houston ṣì wà níwájú.

Fún ìkéde tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ lè jẹ́ kí ṣíìtì fi orúkọ ọjọ́ ní Yorùbá, á tún wúlò fún àwọn ọmọ náà:

=CHOOSE(WEEKDAY(C2),"Àìkú","Ajé","Ìṣẹ́gun","Ọjọ́rú","Ọjọ́bọ̀","Ẹtì","Àbámẹ́ta")&", "&TEXT(C2,"dd/mm/yyyy hh:mm")&", aago Houston"

Òpó ọ̀tọ̀ ni kó wà o. Ohun tí TEXT bá gbé jáde ti di ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, ẹ má tún fi ṣírò nǹkan mìíràn. Ẹ sì kọ orúkọ ìlú sórí òpó kọ̀ọ̀kan, torí Google Sheets kì í yí àkókò padà fún ẹni tó ń wò ó: ohun tí ẹ rí ní Ìbàdàn ni ìyá ọmọ ní Houston máa rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ 03/07/2026. Oṣù ni wọ́n fi ń ṣáájú ní Amẹ́ríkà, àwa ń fi ọjọ́ ṣáájú. Èyí tó léwu nínú rẹ̀ ni pé ṣíìtì kì í kígbe. Tí wọ́n bá kọ 03/25/2026, kò sí oṣù karùndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà ṣíìtì á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, á sì fara ti apá òsì àpótí. Ẹ máa fura. Ṣùgbọ́n 03/07 bọ́gbọ́n mu lọ́nà méjèèjì, á kàn gbà á ní ọjọ́ 3 oṣù Keje. Fún àwọn ọjọ́ tó ti ọwọ́ àwọn òbí Amẹ́ríkà wá nìkan, tí ọjọ́ náà bá wà nínú A2, fọ́múlà yìí á tún méjèèjì ṣe:

=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),LEFT(A2,2),MID(A2,4,2)))

Ẹ tún ní àǹfààní kan tí ẹlòmíràn ò ní: Sátidé nìkan lẹ ń kọ́ wọn. Ẹ fi WEEKDAY yẹ gbogbo ọjọ́ wò. Sọ́ńdè ni 1, Sátidé ni 7. Èyí tí kò bá gbé 7 jáde, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí. Ọjọ́ 3 oṣù Keje yẹn, Furaidé ni. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọjọ́ bíi 2026-03-07, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó máa ṣì í kà. Nínú File, lábẹ́ Settings, ẹ fi Locale sí United Kingdom kó lè máa fi ọjọ́ ṣáájú oṣù bíi tiwa, àmọ́ Lagos ni kí ẹ yàn níbi Time zone.

Bí ẹ bá kó àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé jáde láti inú ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá rí 2026-03-14T16:00:00Z, lẹ́tà Z ìparí yẹn túmọ̀ sí UTC. Tó bá wà nínú A2, èyí ló ń sọ ọ́ di aago Nàìjíríà:

=DATEVALUE(LEFT(A2,10))+TIMEVALUE(MID(A2,12,8))+1/24

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni yóò jáde, bí ẹ bá ti fi ọjọ́ àti aago ṣe ìrísí àpótí náà.

Ní ti 3:30 yín, wákàtí yín kò sọnù. Bí aago ara ògiri ni ṣíìtì ṣe kà á: tó bá ti pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, á padà sí òdo. Ẹ lọ sí Format, Number, kí ẹ yan Duration. Ní Excel, ẹ kọ [h]:mm gẹ́gẹ́ bí ìrísí. Tó bá gbé 27:30 jáde, iye tí ẹ kọ́ wọn nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra gan-an tí ẹ bá fẹ́ fi ṣírò owó, torí ọjọ́ ni ṣíìtì ń kà nínú, kì í ṣe wákàtí. Ká ní 5,000 náírà ni wákàtí kan, tí àpapọ̀ náà sì wà nínú E30. =E30*5000 á fún yín ní 5,729.17 péré. =E30*24*5000 ló máa fún yín ní 137,500 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín.