Ọ̀fun ń dun bàbá mi: ṣé wọ́n lè fi ìtànṣán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2?

Ìbéèrè: Dókítà ní ìgbà 35 ni bàbá mi máa gba ìtànṣán nítorí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ti gba 14. Kò dùn wọ́n níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní báyìí agbára káká ni wọ́n fi ń gbé itọ́ mì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi ọ̀sẹ̀ 2 kí ọ̀fun jinná. Ṣé kò léwu? Wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn sún mọ́ wọn mọ́, kí ìtànṣán ara wọn má baà ran àwọn ọmọ náà.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ bàbá, kí wọ́n má dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtànṣán ń pa jẹjẹrẹ: ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 7. Bí a bá fún un láyè ọ̀sẹ̀ 2, èyí tí kò tíì kú nínú rẹ̀ á tún máa pọ̀ sí i, ìgbà 21 tó kù sì lè má ká a mọ́. Kódà bí ọjọ́ kan péré bá fò, ẹ bi dókítà bí wọ́n ṣe máa dí i.

Orí ẹ̀rọ kọ́ ni ìnira wà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo ti bá de ìbòjú ike oníhò tí kì í jẹ́ kí orí mì lórí ẹ̀rọ. Bí ìṣẹ́jú 15 wọ́n á ti dìde, àmì ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ á ṣì wà níwájú orí wọn, wọn ò sì ní mọ ìrora kankan lára. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta kí ọ̀fun tó di egbò, torí ìtànṣán máa ń bó awọ inú rẹ̀. Ẹ tètè sọ fún bàbá pé ó ṣì lè le sí i fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn tí wọ́n bá gba èyí tó kẹ́yìn, kó tó máa rọlẹ̀. Ẹni tí a ò bá sọ fún máa ń rò pé ìtọ́jú náà ò ṣiṣẹ́ ni.

Oògùn ìrora ni kí ẹ béèrè. Bí èyí tí wọ́n ń lò ò bá ká a, ẹ sọ ọ́. Èyí tó lágbára jù ú lọ wà. Kí wọ́n lò ó ní bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Kí wọ́n máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ po iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu léraléra. Bí wọ́n bá ń rù, dókítà lè fi rọ́bà tín-ín-rín tí oúnjẹ ń gbà sí wọn nímú tàbí níkùn, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì máa gbé nǹkan mì lójoojúmọ́, bó jẹ́ ṣíbí omi kan. Mi ò fọwọ́ kékeré mú èyí: iṣan ọ̀fun tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń gan, àtijẹun padà á wá di ogun. Bí omi pàápàá ò bá lọ mọ́, tàbí ara wọn gbóná, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti àwọn ọmọ, ìtànṣán tó ń ti inú ẹ̀rọ wá kì í dúró sára. Bí a bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán nìyẹn. Kí bàbá gbé wọn lé itan lónìí.