Wọ́n Pè Wá sí Ilé Oúnjẹ Louisiana: Kí La Lè Jẹ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ ní ká wá bá àwọn jẹun lọ́jọ́ Sátidé, ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń se ẹja, edé àti akàn bí àwọn ará Louisiana ṣe ń sè é. A ò dé irú ibẹ̀ rí. Màmá ọkọ mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta á bá wa lọ, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Mùsùlùmí ni gbogbo wa, a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, kì í jẹ edé, torí bó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á sì lé. Kí la lè jẹ níbẹ̀? Báwo la sì ṣe ń jẹ crawfish tí ojú ò fi ní tì wá níwájú ọ̀gá?

Ìyàwó Àlàájì, Houston

Ìdáhùn

Ẹ kú ilé o, ìyàwó Àlàájì. Ẹ bá mi kí màmá kú ìrìn. Inú ilé ìdáná irú ilé oúnjẹ yẹn ni iṣẹ́ òòjọ́ mi wà, torí náà ohun tó wà nínú ìkòkò ni màá sọ fún yín. Èyí tí ẹ bá fojú rí nínú abọ́ kò lè yọ yín lẹ́nu púpọ̀. Èyí tó ti yọ́ mọ́ omi ọbẹ̀ ni kí ẹ máa béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Crawfish tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe edé gbígbẹ tí a ń lọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹran odò ni, ó ní ọwọ́ méjì tó fi ń fún nǹkan, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni òun, edé àti akàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ọ̀kan, ara rẹ̀ sábà máa ń kọ àwọn yòókù. Èèpo àti orí edé la sì máa ń bọ̀ láti fi ṣe omi gumbo àti étouffée, ìyẹn ọbẹ̀ méjì tí àwọn ará Louisiana ń fi jẹ ìrẹsì. Ẹ lè wo inú abọ́ kẹ́ ẹ má rí edé kankan, kó jẹ́ pé edé ni gbogbo omi yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí ni òróró. Ní ilé ìdáná púpọ̀, inú òróró tí a fi dín edé náà la ti ń dín pòtétò, ẹja àrọ̀ àti adìẹ. Nítorí náà, pòtétò díndín tẹ́ ẹ rò pé kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan lè ṣe é.

Ẹ pe ilé oúnjẹ náà lórí fóònù kí Sátidé tó pé, láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán tí èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá mánéjà sọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá wọ́n ní òróró ọ̀tọ̀ tí edé kì í dé, àti bóyá wọ́n lè fi páànù mímọ́ yan adìẹ fún ọmọ, kí wọ́n fi ìrẹsì funfun tì í. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ fún ọmọ lóúnjẹ nílé. Tí wọ́n bá gbé crawfish gbígbóná dé orí tábìlì, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó jìnnà sí i, torí ooru rẹ̀ nìkan lè da ara àwọn kan láàmú. Bí dókítà bá ti fún un ní EpiPen, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kíákíá fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ, kó wà nínú báàgì yín, kì í ṣe nínú mọ́tò. Bó bá sì jẹ́ pé èémí rẹ̀ ti há rí nítorí edé, èmi ò ní mú un lọ síbẹ̀ rárá.

Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó wọ inú oúnjẹ Louisiana ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Andouille jẹ́ sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan. Tasso náà, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n máa ń wà nínú gumbo, nínú jambalaya tó jọ jọ̀lọ́ọ̀fù, àti nínú ẹ̀wà pupa tí wọ́n ń fi jẹ ìrẹsì. Boudin, sọ́séèjì mìíràn, ẹlẹ́dẹ̀ àti ìrẹsì ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ collard pàápàá, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alásè ń fi sè é. Ilé oúnjẹ mìíràn máa ń ju sọ́séèjì sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń bọ crawfish, omi kan náà ló sì kan gbogbo rẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé kí wọ́n yọ sọ́séèjì kúrò. Ẹ béèrè bóyá ó ti wọ ìkòkò tẹ́lẹ̀.

Màmá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ oyster tútù, ìyẹn èyí tí wọ́n là láti inú ìkarahun rẹ̀, tí wọ́n gbé sórí yìnyín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Vibrio vulnificus, inú omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé. Ara ẹni tó le lè borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí àtọ̀gbẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata tí wọ́n ń kán sí i kì í pa á. Iná nìkan ló ń pa á. Èyí tí wọ́n sè tàbí tí wọ́n yan jinná kò burú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dín ìrẹsì màmá kù, kí ẹ sì fi omi lásán rọ́pò tíì oníyìnyín, torí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀.

Ẹja blackened ni mo máa bù fún màmá. Kò jóná o, bó tilẹ̀ ṣú: bọ́tà àti ata gígún la fi pa á lára, ká tó gbé e sínú páànù irin tó gbóná gan-an. Paul Prudhomme, ọmọ Louisiana tó ṣí K-Paul's sí New Orleans ní 1979, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jẹ. Màmá tó jẹ ata dàgbà l'Ábẹ́òkúta á gbádùn rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí gumbo tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jẹ́ kí màmá tọ́ ọ wò. Ìyẹ̀fun tí a yan nínú òróró títí tó fi ṣú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà, celery àti tàtàṣé tútù. Àwọn kan ń fi ilá mú un ki, àwọn mìíràn ń lo ewé sassafras lílọ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Choctaw, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ń gé ilá sínú ìkòkò yẹn ni mo máa ń rántí pé ní 1719, ọkọ̀ méjì tó kọ́kọ́ kó ẹrú láti Áfíríkà dé Louisiana, Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní ni wọ́n ti kó wọn. Àwọn Faransé tó ń ṣàkóso Louisiana nígbà náà tiẹ̀ pàṣẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé kó ra àwọn tó mọ ìrẹsì í gbìn, kó sì gbé irúgbìn rẹ̀ dání. Ọwọ́ àwọn èèyàn wa wà nínú oúnjẹ yìí láti ìpìlẹ̀, ẹ má jókòó síbẹ̀ bí àjèjì.

Ó wá ku crawfish. Bí ẹ bá lọ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ẹ máa bá a ní tútù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn oṣù kẹfà tàbí ìkeje, èyí tó ti wà nínú fìríìsà ló sábà máa ń jẹ́, mi ò ní náwó lé e lórí. Wọ́n kì í kọ iye rẹ̀ sórí méńù, ojoojúmọ́ ni owó rẹ̀ ń yí padà, ẹ béèrè. Àgbàlagbà kan lè jẹ pọ́ùn mẹ́ta, torí èèpo ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Kò sí fọ́ọ̀kì. Ẹ fi ọwọ́ kan di orí mú, kí ẹ fi ìkejì di ìrù, ẹ yí i, kí ẹ fà á ya. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú wà nínú orí, ẹ fà á mu bí ẹ bá fẹ́. Adùn ibẹ̀ pọ̀. Ẹ bó òrùka èèpo méjì àkọ́kọ́ lára ìrù, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ pọ̀, ẹran á yọ jáde lódindi. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Ní Houston níbí, àwọn ará Vietnam ti fi bọ́tà àti aáyù kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ̀ ọ́ tán. Tiwọn ló wù mí jù. Ata máa ń dé ẹnu díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Kò sẹ́ni tó máa wò yín níran, ọ̀gá náà á so ike tí kì í jẹ́ kí omi ta sáṣọ mọ́ ọrùn bíi tiyín.

Bí ọ̀gá bá ní òun ló ń sanwó, ẹ jẹ́ kó san án. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń dá a, ẹ fi bí ìdá 20 nínú 100 kún un fún ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín, àyàfi bí wọ́n bá ti kà á mọ́ bílì. Dọ́là 2.13 ni owó wákàtí kan tí òfin gbà kí wọ́n san fún wọn ní Texas. Ẹ̀bùn yẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

Ní ti ìpápánu, ẹ yẹra fún bread pudding, ọtí wísíkì ló sábà máa ń wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i. Ẹ gba beignet, ìyẹ̀fun díndín tó jọ puff-puff, dípò rẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè òróró tí wọ́n fi dín in: bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni, àti bóyá edé ti wọ̀ ọ́, kí ọmọ yín tó fọwọ́ kàn án.