Ṣé oògùn inú ẹ̀rún nano máa ń dé ibi tí jẹjẹrẹ wà nìkan?

Ẹ béèrè èyí nítorí ìyá kan ní Ìlọrin tí wọ́n ń fún ní irú oògùn yìí, tí a fi sínú ẹ̀rún tín-ín-tín. Rárá, oògùn náà kì í dé ibẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń dé ọkàn máa ń dín kù. Doxil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1995, jẹ́ doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ tó lè ba ọkàn jẹ́, tí a fi ọ̀rá wé sínú ẹ̀rún tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100 nanomítà. Mílíọ̀nù kan nanomítà ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń jò, ẹ̀rún náà ń yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ sì lè bó.