Ẹ Má Tíì Pe Okùn Yẹn ní Òpó

Ẹ béèrè ìdí tí àwọn òpó oníhò bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yín ta lórí Matrigel, jẹ́lì tí a ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì lé, fi hàn kedere ní àárín ihò àwo, tí wọ́n sì ń ṣe bàìbàì ní etí, àti bóyá lẹ́ńsì tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ nílò. Ẹ má tíì náwó. Oṣù méjì gbáko ni ẹni tí ó ń bójú tó máíkírósíkópù níbi tí mo wà nígbà náà fi ń kọrin lẹ́ńsì sí mi létí, kò sì bẹ̀rẹ̀ wo àwo mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jẹ́lì ni ẹlẹ́ṣẹ̀: ó máa ń gun ara ògiri ihò, àárín rẹ̀ á sì jin bí inú abọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí lẹ́ńsì bá ti mú àárín, etí ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ da jẹ́lì náà tutù bí ó ṣe yẹ, kí ẹ sì ya àwòrán àárín nìkan.

Ohun tí ó fi omijé sí mi lójú ni ẹ kò tilẹ̀ béèrè. Mo gbé paraformaldehyde 4%, oògùn tí a fi ń mú sẹ́ẹ̀lì dúró bí ó ṣe wà, láti inú fìríìjì, mo dà á lé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mo sì lọ jókòó. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo okùn sẹ́ẹ̀lì náà ti ṣí kúrò nídìí àwo, ó ń léfòó bí òwú aláǹtakùn tí òjò pa. Òtútù máa ń sọ Matrigel di omi padà, paraformaldehyde nìkan náà sì lè tú u. Ẹ mú oògùn náà gbóná dé ìwọ̀n 37°C, kí ẹ sì fi glutaraldehyde díẹ̀, oògùn mìíràn irú rẹ̀, bíi 0.1%, kún un. Ṣùgbọ́n glutaraldehyde a máa tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ àwọ̀ tí ń dán, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi calcein AM, àwọ̀ tí ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì náà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.

Àwọn tí wọ́n yẹ ìwé mi wò ní okùn lásán ni mo yà. Ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n wọ́n jàre. Láti ìgbà tí Maniotis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé irú òpó yìí nínú mẹlanómà ojú ní ọdún 1999 ni àwọn ènìyàn ti ń fi PAS, àwọ̀ tí ń kun ohun tí ó ní ṣúgà nínú, ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ sì ni Matrigel fúnra rẹ̀, tí laminin, purotéènì tí ṣúgà so mọ́, kún inú rẹ̀, máa ń gba àwọ̀ náà. Ẹ kun ihò kan tí kò ní sẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí i. Máíkírósíkópù confocal ni kí ẹ fi gé àwòrán náà ní ìpele-ìpele láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bí òkùnkùn róbótó kò bá sí láàárín sẹ́ẹ̀lì, kò tíì di òpó, iye yòówù kí ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí ń wọn àwòrán, kà.

Ní ti lẹ́ńsì, 4x tó fún kíka ẹ̀ka, 10x sì tó fún ìrísí wọn.