Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà máa ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ojú ọjọ́ líle àti ẹranko igbó?

Bẹ́ẹ̀ ni; owó ìrànwọ́ wà fún ìmúrasílẹ̀, ó sì wà fún àdánù tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ètò wọn.

Fún ìmúrasílẹ̀, ètò EQIP (ètò ìrànwọ́ fún ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi oko) lè san tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí iṣẹ́ bíi ìbomirin oko tàbí ìdènà ọ̀gbàrá yóò náni. Fún àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, ó lè dé 90, wọ́n sì lè san ìdajì rẹ̀ ṣáájú. Àǹfààní ńlá lèyí, nítorí àwọn yòókù gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ kí wọ́n tó gba owó.

Bí ìjì, òtútù tàbí ooru tó kọjá ààlà bá pa ẹran ọ̀sìn ju iye tó máa ń kú lọ́dọọdún lọ, ètò LIP (ètò owó ìrànwọ́ fún àdánù ẹran ọ̀sìn) máa ń san ìdá 75 iye tí ẹran náà tó lọ́jà. Fún èyí tí ìkookò tàbí ẹranko mìíràn tí òfin ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò bá pa, òfin ọdún 2025 gbé e dé 100. LIP kò kan irè oko tí àgbọ̀nrín jẹ.